Orúkọ Crowther: Ibi Tí Ó Ti Ṣẹ̀ àti Ibi Tí Ó Tàn Dé

Ó ṣòro kí a tó rí ọmọ ilé-ìwé kan ní ilẹ̀ Yorùbá tí kò gbọ́ orúkọ Crowther rí. Wọn yóò ti kọ́ ọ pé Samuel Àjàyí Crowther ni ó ṣe ìwé ọ̀rọ̀ Yorùbá tí a tẹ̀ jáde ní 1843, pé òun ni aṣáájú àwọn tí ó túmọ̀ Bíbélì sí èdè wa, àti pé òun ni ọmọ Áfíríkà tí Ìjọ Áńgílíkà kọ́kọ́ fi jẹ bíṣọ́ọ̀bù, ní 1864. Bí ọmọ náà bá wá jẹ́ ọlọ́pọlọ, tí ó sì béèrè ìtumọ̀ orúkọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tí ẹni ńlá yìí ń jẹ́, kíákíá ni olùkọ́ yóò dá a lóhùn lórí méjì. Àjàyí jẹ́ orúkọ àmútọ̀runwá, ọmọ tí ó bá dojú bolẹ̀ nígbà tí a bí i ni à ń sọ bẹ́ẹ̀. Samuel jẹ́ orúkọ wòlíì inú Bíbélì. Nígbà tí ó bá kan Crowther, olùkọ́ yóò ní, “Orúkọ Òyìnbó ni,” yóò sì kọjá sórí ọ̀rọ̀ mìíràn.

Ìdáhùn yìí kò tẹ́ni lọ́rùn. Àwa tí a máa ń wí pé ilé ni à ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ, a kò gbọdọ̀ rò pé àwọn Òyìnbó kàn ń ṣa orúkọ jọ bí ẹni ń ṣa òkúta lójú ọ̀nà. Orúkọ ìdílé wọn ní ìdí. Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ni pé ìdí náà ti pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí púpọ̀ nínú àwọn tí ń jẹ́ orúkọ náà gan-an kò mọ̀ ọ́n mọ́. Crowther kò wọ́pọ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì bí Smith tàbí Taylor. Ó ní iṣẹ́ tí ó bí i, ó ní agbègbè tí ó fi ṣe ilé, ó sì ní ọ̀nà tí ó gbà dé ọ̀dọ̀ wa. Mo rí i pé ó yẹ kí a tú u wò, nítorí àwọn kan wà tí ó ń fi orúkọ yìí bú olóògbé Bíṣọ́ọ̀bù náà, pé ó fi ìran baba rẹ̀ tọrẹ. Àwọn mìíràn sì wà tí ó rò pé ẹni tí ó bá ń jẹ́ Crowther ní Èkó yóò ní ìbátan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, bí ó ti wù kí ìbátan náà jìnnà tó. Ọ̀rọ̀ àwọn méjèèjì kò lè dúró bí a bá mọ ohun tí orúkọ náà jẹ́.

Kí a kọ́kọ́ mú àṣìṣe kúrò lọ́nà. Ẹni tí ó bá fi ojú lásán wo orúkọ náà lè rò pé ó ní í ṣe pẹ̀lú crow, ìyẹn ẹyẹ kannakánná, tàbí crown, ìyẹn adé, tàbí crowd, ìyẹn ogunlọ́gọ̀ ènìyàn. Kò sí ọ̀kan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tí ó bí i. Èyí tí ó sún mọ́ ọn jù ni crowd, ṣùgbọ́n kì í ṣe crowd tí a mọ̀ lónìí. Ọ̀rọ̀ méjì ni ó pàdé ara wọn nínú ìkọ̀wé kan ṣoṣo, gẹ́gẹ́ bí igbá àti ìgbà ti máa ń jọ ara wọn nígbà tí akọ̀wé bá fi àmì ohùn sílẹ̀. Èkíní wá láti inú ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́ tí ó túmọ̀ sí kí a ti nǹkan tàbí kí a fún un mọ́ra. Òun ni ó di ogunlọ́gọ̀. Èkejì jẹ́ ohun èlò orin, ọ̀dọ̀ àwọn ará Wales, aládùúgbò àwọn Gẹ̀ẹ́sì ní ìhà ìwọ̀-oòrùn, ni ó sì ti wá. Crwth ni àwọn ará Wales ń pè é títí di òní, ó sì ń dún létí wa bí krúùtù. Nígbà tí ó dé ẹnu àwọn Gẹ̀ẹ́sì ní ayé àtijọ́, ó di crouth lẹ́nu àwọn kan, ó di croude lẹ́nu àwọn mìíràn. Ẹni tí ó ń ta á ni crouther tàbí crouder. Ibẹ̀ ni orúkọ Crowther àti ìbejì rẹ̀ Crowder ti wá. (Àwa tí a kò ní ìró th nínú èdè wa, Kráúdà kan náà ni a ó pe méjèèjì.)

Bí a bá fẹ́ fi ohun tí ó wà lọ́dọ̀ wa júwe crwth, gòjé ni ó súnmọ́ ọn jù. Àwọn méjèèjì ní okùn, àwọn méjèèjì ni a sì ń fi ọrun tí a so irù ẹṣin mọ́ fà kí ó tó dún. Ṣùgbọ́n igbá tí a fi awọ bò ni ara gòjé, okùn rẹ̀ sì jẹ́ ẹyọ kan. Igi ni a gbẹ́ crwth láti ara rẹ̀, ó sì ní igun mẹ́rin bí àpótí pẹlẹbẹ, a lu ihò méjì sí òkè rẹ̀ bí fèrèsé, ọrùn rẹ̀ sì gba àárín ihò méjèèjì kọjá. Ní ìgbẹ̀yìn ayé rẹ̀, okùn mẹ́fà ni ó ní. Mẹ́rin gba orí ọrùn náà lọ, méjì yà sẹ́gbẹ̀ẹ́, àtàǹpàkò ni a sì lè fi ta àwọn méjì yìí nígbà tí ọrun bá ń bá ti àwọn yòókù lọ. Igi kékeré tí ó gbé àwọn okùn ró ní ẹsẹ̀ méjì, ọ̀kan kúrú, ọ̀kan gùn, èyí tí ó gùn sì gba ojú ihò kan wọ inú lọ fìdí kan ẹ̀yìn ohun èlò náà, kí ìró lè mi gbogbo ara rẹ̀. Ọ̀kan nínú àwọn ojúlówó rẹ̀ tí ó ṣẹ́kù, èyí tí a ṣe ní 1742, wà ní ilé àkójọ ohun ìṣẹ̀ǹbáyé tí ó wà ní St Fagans, lẹ́bàá Cardiff, ní Wales.

Ohun èlò yìí kì í ṣe ọmọ àná. Venantius Fortunatus, tí ó jẹ́ bíṣọ́ọ̀bù Poitiers ní ilẹ̀ Faransé, mẹ́nu bà á nínú ewì Látìnì rẹ̀ ní ọ̀rúndún kẹfà, ó sì pè é ní ohun èlò àwọn ará Bìrìtéènì. Ní ìgbà náà a kò tíì máa fi ọrun fà á, ìka ni a fi ń ta á. Nígbà tí àwọn ọmọlẹ́yìn John Wycliffe túmọ̀ Bíbélì sí èdè Gẹ̀ẹ́sì ní ọ̀rúndún kẹrìnlá, tí wọ́n dé ibi ìtàn ọmọ onínàákúnàá nínú ìwé Lúùkù, níbi tí ẹ̀gbọ́n ti ń bọ̀ láti oko tí ó sì gbọ́ ariwo àríyá nínú ilé, croude wà lára ohun tí wọ́n ní ó gbọ́. Ó yẹ kí a rántí pé ìwé Lúùkù yìí kan náà wà lára àwọn ìwé Májẹ̀mú Titun tí Crowther kọ́kọ́ túmọ̀ sí Yorùbá. Ọkùnrin tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ oníkùrúùtù ni ó jókòó ti ìtàn náà, tí ó ń wá ọ̀rọ̀ tí yóò fi sọ orin àti ijó ilé náà ní èdè wa.

A wá dé orí ìbéèrè bí iṣẹ́ onígòjé ti di orúkọ ìdílé. Nígbà tí àwọn ará Normandy ṣẹ́gun ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1066, orúkọ kan ṣoṣo ni èyí tí ó pọ̀ jù nínú àwọn ará ilẹ̀ náà ń jẹ́. Lẹ́yìn èyí orúkọ tí a ń sọ ọmọ wá kéré níye, John, William, Richard, Thomas, títí tí ó fi di pé ènìyàn mẹ́fà lè máa jẹ́ John ní abúlé kan. Àwọn akọ̀wé ọba tí ń gba owó orí kò lè fi irú èyí ṣiṣẹ́. Wọ́n nílò ohun tí wọn yóò fi ya John kan sọ́tọ̀ kúrò lára John kejì. Wọ́n á kọ orúkọ bàbá rẹ̀ mọ́ ọn, tàbí ibi tí ó ń gbé, tàbí àbùkù ara rẹ̀, tàbí iṣẹ́ rẹ̀. Smith ni alágbẹ̀dẹ. Webster ni ahunṣọ. Lister ni aláró. Walker ni ẹni tí ń fi ẹsẹ̀ tẹ aṣọ onírun nínú omi kí ó lè ki. Àwọn olórin náà kò gbẹ́yìn: Harper ni oníháápù, Piper ni onífèrè, Fidler àti Crowther ni àwọn tí ń fi ọrun fa okùn. Nínú àkọsílẹ̀ owó orí Worcestershire ti ọdún 1275, a rí ọkùnrin kan tí wọ́n pè ní Richard le Cruder. Ọ̀rọ̀ kékeré le tí ó wà láàárín yẹn, láti inú èdè Faransé, fi hàn pé iṣẹ́ ni wọ́n ṣì ń sọ nípa rẹ̀: Richard oníkùrúùtù. Nígbà tí ó fi máa di ọdún 1400 tàbí lẹ́yìn rẹ̀ díẹ̀, le ti já bọ́ lára ọ̀pọ̀ orúkọ, ọmọ sì ti ń jogún orúkọ náà yálà ó mọ okùn í ta tàbí kò mọ̀ ọ́n.

Ibí yìí ni ó yẹ kí àwa Yorùbá dúró wò dáradára, nítorí ó jọ tiwa, kò sì jọ ọ́. Àwa náà ń fi iṣẹ́ ìdílé mọ ọmọ. Bí a bá gbọ́ Àyándélé tàbí Àyánwálé, a mọ̀ pé ilé onílù ni. Ọdẹ́wálé, ilé ọdẹ. Ọ̀jẹ́wálé, ilé àwọn tí ń gbé eégún. Ṣùgbọ́n ìdajì orúkọ ni Àyàn jẹ́. Ìdajì kejì ń sọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀ nígbà tí a bí ọmọ yẹn gan-an, nítorí náà ọmọ márùn-ún lè wà nínú ilé onílù kan kí orúkọ wọn má dọ́gba. Crowther kò sọ ohunkóhun nípa ọmọ tí a bí. Ó ń sọ nípa ọkùnrin kan tí ó ti kú láti nǹkan bí 600 tàbí 700 ọdún, ọmọ-ọmọ rẹ̀ tí ń ran aṣọ àti èyí tí ń ṣe agbẹjọ́rò sì ń gbé iṣẹ́ rẹ̀ kiri bí ẹrù tí wọn kò tú wò rí. Nínú ilé onílù tiwa, ọmọ tí ń jẹ́ Àyàn ṣì lè mú gángan sọ̀rọ̀. Ní ti crwth, àwọn díẹ̀ tí ń ta á lónìí ní Wales kọ́ ọ padà láti inú àkọsílẹ̀ àti láti ara ohun àjókù ni.

Ohun kan wà tí ó máa ń ya akẹ́kọ̀ọ́ lẹ́nu. Bí ó bá jẹ́ pé Wales ni ohun èlò náà ti wá, ṣé kì í ṣe Wales ni ó yẹ kí Crowther pọ̀ sí jù? Bẹ́ẹ̀ kọ́ ni. Iṣẹ́ náà níyì púpọ̀ ní Wales. Nígbà ìpàdé àwọn akéwì àti olórin tí a ṣe ní Caerwys ní 1523, àti èyí tí ó tẹ̀ lé e ní 1567, àwọn oníkùrúùtù wà lára àwọn tí a dán wò tí a sì fún ní oyè gẹ́gẹ́ bí ìmọ̀ wọn. Ṣùgbọ́n àwọn ará Wales kò ní orúkọ ìdílé bí ti àwọn Gẹ̀ẹ́sì ní ìgbà náà. Ọmọ lágbájá ni wọ́n ń pe ara wọn: ap Hywel, ap Rhys. Bí Rhys bá jẹ́ oníkùrúùtù, ọmọ rẹ̀ yóò máa jẹ́ ọmọ Rhys. Ọmọ-ọmọ rẹ̀ yóò tún máa jẹ́ ọmọ ẹlòmíràn, iṣẹ́ náà kò sì ní wọ inú orúkọ. Nígbà tí òfin Gẹ̀ẹ́sì wá mú kí wọ́n di orúkọ kan ṣinṣin, orúkọ àwọn baba wọ̀nyí ni wọ́n dì mú, ap Hywel di Powell, ap Rhys di Price. Nítorí náà àwọn tí ó ni ohun èlò kò fi bẹ́ẹ̀ ní orúkọ rẹ̀; àwọn tí ó gbà á lò ni ó fi sọ ìdílé.

Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ìyì olórin alárìnkiri kò pẹ́ tí ó fi wọmi. Ní àkọ́kọ́ àwọn ìjòyè ńlá ń bọ́ wọn nínú ilé wọn. Ìtàn kan wà tí àwọn ará Cheshire fẹ́ràn láti máa pa, pé nígbà tí àwọn ará Wales ká ìjòyè Chester tí ń jẹ́ Ranulf mọ́ inú ilé olódi Rhuddlan, Roger de Lacy sáré kó àwọn olórin àti gbogbo ọmọ ìta tí ó wá sí ọjà àjọ̀dún Chester jọ, ó sì kó wọn lọ gbà á. Àwọn ọ̀tá rí èrò rẹpẹtẹ lókèèrè, wọ́n rò pé ọmọ ogun ni, wọ́n sì sá. Nítorí oore yìí, wọ́n ní, ni a ṣe fi àṣẹ lórí gbogbo olórin Cheshire fún ìdílé Dutton. Bóyá òótọ́ ni gbogbo ìtàn náà tàbí wọ́n bù mọ́ ọn, àṣẹ náà wà ní tòótọ́, wọ́n sì ń pe àwọn olórin jọ sí Chester láti gba ìwé àṣẹ títí di ọdún 1756. Lẹ́yìn òde Cheshire, nǹkan kò rí bẹ́ẹ̀. Òfin ọdún 1572 ka olórin alárìnkiri tí kò ní ọ̀gá mọ́ àwọn aláìníṣẹ́ tí a lè nà ní pàṣán, àwọn tí ó wà lábẹ́ ìdílé Dutton nìkan ni ó yọ sílẹ̀. Ẹ wo bí ọ̀rọ̀ alágbe ti rí lọ́dọ̀ àwọn kan láàárín wa: ẹni tí a nílò níbi ìnáwó, tí a sì ń fi ojú tẹ́ńbẹ́lú wò nígbà tí àga bá kúrò nílẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí òfin yẹn fi dé, orúkọ Crowther ti di ohun àjogúnbá, èébú iṣẹ́ kò sì ran orúkọ mọ́.

Níbo wá ni àwọn tí ń jẹ́ ẹ pọ̀ sí? Ìkànìyàn ọdún 1881, èyí tí àwọn onímọ̀ ti fi ya àwòrán ilẹ̀ fún ọ̀pọ̀ orúkọ ìdílé, fi hàn pé ìhà ìwọ̀-oòrùn Yorkshire, tí wọ́n ń pè ní West Riding, ni ó ti kún jù. Ilẹ̀ òkè ni, ó tutù, erùpẹ̀ rẹ̀ kò ṣe é gbára lé fún ọkà. Ìlú Huddersfield àti Halifax wà níbẹ̀, odò Colne àti odò Calder sì la àfonífojì rẹ̀ kọjá. Àwọn mìíràn tún wà ní àwọn agbègbè tí ó sún mọ́ ààlà Wales, bí Shropshire. Èyí kò yani lẹ́nu, nítorí ibi tí onígòjé bá wà ni orúkọ onígòjé ti lè hù, kò sì pọn dandan kí gbogbo wọn ti ọ̀dọ̀ baba kan wá.

Ohun tí ó sọ West Riding di ilé wọn ni irun àgùntàn. Níwọ̀n ìgbà tí oko kò ti lè bọ́ ìdílé, olúkúlùkù fi ìhunṣọ kún ìṣẹ̀ oko rẹ̀. Òfì wà nínú yàrá òkè, àgùntàn wà lórí pápá, omi odò tí kò le koko wà fún fífọ irun. Ẹni tí ó bá ní òfì kò nílò ilẹ̀ gbọ̀ọ̀rọ̀, nítorí náà ọmọkùnrin márùn-ún lè gbéyàwó kí wọ́n sì dúró sí àfonífojì kan náà, orúkọ kan náà yóò sì máa bí sí i níbẹ̀. Nígbà tí ẹ̀rọ dé tí a kọ́ àwọn ilé iṣẹ́ ìhunṣọ ńláńlá, àwọn Crowther kan wà lára àwọn òṣìṣẹ́, àwọn kan sì wà lára àwọn ọ̀gá. Ní Marsden, ìdílé Crowther ni ó ni ilé iṣẹ́ Bank Bottom tí òkìkí rẹ̀ kàn ní gbogbo àfonífojì Colne. Orúkọ náà wá bá aṣọ onírun mọ́ra tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi jẹ́ pé nígbà tí Thomas Armstrong fẹ́ kọ ìwé ìtàn-àròsọ nípa ìdílé ahunṣọ kan ní Yorkshire, Crowther ni ó sọ wọ́n. Ìwé náà, The Crowthers of Bankdam, jáde ní 1940, wọ́n sì fi ṣe sinimá ní 1947. Ẹ kíyè sí i pé onígòjé ti parẹ́ pátápátá nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ẹni tí ó bá gbọ́ Crowther ní Huddersfield, aṣọ ni yóò rántí.

Ní ọdún 2000, ọ̀jọ̀gbọ́n kan ní Oxford, Bryan Sykes, àti Catherine Irven gbé ìwádìí kan jáde lórí orúkọ Sykes, èyí tí òun náà jẹ́ ọmọ West Riding. Kúrómósómù Y ni wọ́n yẹ̀ wò, ohun àjogúnbá inú ẹ̀jẹ̀ tí bàbá nìkan ń fi lé ọmọkùnrin lọ́wọ́. Nínú ọkùnrin 48 tí ń jẹ́ Sykes, ó kù díẹ̀ kí ìdajì wọn ní irú kan náà, èyí tí ó tọ́ka sí baba ńlá kan. Ní 2009 Turi King àti Mark Jobling ti Yunifásítì Leicester ṣe irú rẹ̀ fún orúkọ 40, wọ́n sì rí i pé bí orúkọ bá ti ṣọ̀wọ́n tó ni àwọn tí ń jẹ́ ẹ máa ń jẹ́ ìbátan tó. Bí ó bá wọ́pọ̀ bí Smith, kò sí ìbátan kan tí ó ju ti ẹni tí a pàdé lọ́nà lọ. Ṣùgbọ́n ẹ má gbàgbé ìdajì kejì àwọn Sykes. Ọmọ tí a gbà tọ́, ọmọ tí ó jẹ́ orúkọ ìyá, ọkọ tí ó gba orúkọ ìyàwó nítorí ogún, gbogbo wọn ni ó wọ inú orúkọ láì bá ẹ̀jẹ̀ wọ ọ́. Àní nínú àfonífojì kan ṣoṣo ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, orúkọ kan kì í ṣe ẹ̀jẹ̀ kan.

Láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì orúkọ náà ba ọkọ̀ ojú omi rìn. Ó dé Amẹ́ríkà, ó dé Ọsirélíà. William Crowther, oníṣègùn àti olóṣèlú, jẹ́ olórí ìjọba Tasmania láti 1878 sí 1879. Wọ́n gbé ère rẹ̀ kalẹ̀ sí ìlú Hobart, ṣùgbọ́n àwọn ọmọ onílẹ̀ kò gbàgbé pé òun ni wọ́n ní ó gé orí òkú William Lanne, ọ̀kan nínú wọn, ní 1869 láti fi egungun rẹ̀ ránṣẹ́ sí Lọ́ńdọ̀n. Ní 2022 ìgbìmọ̀ ìlú náà pinnu láti gbé ère yìí kúrò, ní oṣù karùn-ún 2024 àwọn kan sì gé e lẹ́sẹ̀ lóru kí ọjọ́ ìgbékúrò tó pé. Ẹni tí ó bá fẹ́ fi orúkọ díwọ̀n ìwà, kí ó fi Crowther ti Hobart sí ẹ̀gbẹ́ kan, kí ó fi ti Ọ̀ṣóògùn sí ẹ̀gbẹ́ kejì.

Ti Ọ̀ṣóògùn ni ó kàn. Ní 1821 ni àwọn akónilẹ́rú kó Àjàyí ní Ọ̀ṣóògùn. Wọ́n tà á láti ọwọ́ dé ọwọ́ títí ó fi dé Èkó, wọ́n sì kó o sínú ọkọ̀ àwọn Potogí ní oṣù kẹrin 1822. Ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì tí ń jẹ́ Myrmidon gbà wọ́n lójú omi, ó sì kó wọn lọ sí Freetown ní Sàró. Níbẹ̀ ni àlùfáà John Raban ti ṣe ìrìbọmi fún un ní ọjọ́ 11 oṣù Kejìlá 1825. Orúkọ tí ó gbà ni Samuel Crowther, orúkọ àlùfáà kan ní Lọ́ńdọ̀n, tí ó ń ṣọ́ ìjọ Christ Church ní Newgate, tí ó sì wà lára ìgbìmọ̀ ẹgbẹ́ C.M.S. ní ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń ṣe ní Sàró nígbà náà. Àwọn tí a gbà lọ́wọ́ akónilẹ́rú ń gba orúkọ gómìnà, míṣọ́nárì, tàbí àwọn onínúure tí ó ń fi owó ran ẹgbẹ́ lọ́wọ́. Kò sí ẹni tí ó rántí gòjé kankan lọ́jọ́ náà. Orúkọ ọlọ́lá kan ni wọ́n fi dá ọmọkùnrin náà lọ́lá.

Nítorí náà ìbú tí a ń bú u kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Ẹni tí ó ta Àjàyí ti tà á kí orúkọ tó dé. Orúkọ Crowther kò gba àyè orúkọ ìdílé kankan lọ́wọ́ rẹ̀, nítorí àwọn Yorùbá ìgbà náà kò ní irú orúkọ ìdílé bẹ́ẹ̀. Oríkì àti orílẹ̀ ni wọ́n fi ń mọ ara wọn. Síbẹ̀, èmi kò ní sọ pé kò sí ìpalára nínú àṣà náà. Ọ̀pọ̀ àwọn tí a kó lọ sí Sàró ni orúkọ titun bò mọ́lẹ̀ pátápátá, tí àrọ́mọdọ́mọ wọn kò lè sọ ìlú tí baba wọn ti wá mọ́. Ìdí rẹ̀ nìyí tí àwọn kan ní Èkó, ní òpin ọ̀rúndún kọkàndínlógún, ṣe bọ́ orúkọ Òyìnbó sọnù. David Brown Vincent di Mọ́jọlá Agbébì ní 1894. Ti Crowther yàtọ̀ nítorí pé Àjàyí kò sọnù lára rẹ̀.

Ní ti ìbátan, ọ̀rọ̀ náà kò ṣòro. Àwọn tí ó ti ọ̀dọ̀ Àjàyí gba orúkọ Crowther kò bá àwọn ará Huddersfield tan, wọn kò sì bá àlùfáà Newgate tan. Ọmọ Ọ̀ṣóògùn ni wọ́n. Dandeson Coates Crowther, ọmọ Bíṣọ́ọ̀bù tí ó di olórí àwọn àlùfáà ní ẹkùn Delta, gba orúkọ Crowther lọ́wọ́ bàbá rẹ̀, ó sì gba Dandeson Coates láti ara akọ̀wé C.M.S. ní Lọ́ńdọ̀n. Abigail, ọmọbìnrin, fẹ́ Thomas Babington Macaulay, ẹni tí ó dá ilé-ìwé Grammar School ti C.M.S. sílẹ̀ ní Èkó ní 1859. Ọmọ wọn ni Herbert Macaulay, olóṣèlú tí gbogbo wa mọ̀. Ẹ̀jẹ̀ Àjàyí wà lára Herbert, kò sì jẹ́ Crowther. Macaulay tí ó ń jẹ́, orúkọ àwọn ará Scotland ni, òun náà kò sì bá ẹnì kankan tan ní Scotland.

Ó ku ohun kan. Ní oṣù kẹjọ 1846, ní Abẹ́òkúta, lẹ́yìn ọdún márùndínlọ́gbọ̀n tí wọ́n ti kó wọn, Crowther tún rí Àfàlà ìyá rẹ̀. Àlùfáà Crowther ni gbogbo ìjọ mọ̀. Àjàyí ni ìyá mọ̀. Ní oṣù kejì 1848 ìyá náà ṣe ìrìbọmi, wọ́n sì wá orúkọ tí yóò jẹ́. Nínú Bíbélì, Hánà ni ìyá Samuel. Hannah ni wọ́n sọ Àfàlà, nítorí orúkọ tí ọmọ rẹ̀ ti gbà ní Freetown.